Kẹ́ẹ̀gì méjì láti inú àgbá kan: bí afẹ́fẹ́ ṣe ba ìdajì bíà wa jẹ́ ní Ìkòròdú

Inú àgbá kan náà ni bíà tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ti wá. Ọjọ́ kan náà ni a pọn ọ́n, ìwúkàrà kan náà ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, fìrísà kan náà ni a sì kó kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sí nínú ilé wa ní Ìkòròdú. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi pé ọjọ́ kẹrìnlá, bíà inú ọ̀kan ṣì ń dán bí oyin ìgàn, òórùn ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó sì ń ta sánsán lára rẹ̀. Ti èkejì ti dà bí omi àgbo, òórùn páálí tí òjò pa ló sì kù nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọ̀sán àti àṣálẹ́ ọjọ́ tí a gbé bíà náà kúrò nínú àgbá ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló bà á jẹ́, kì í sì í ṣe bí a ṣe pọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ náà sì ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ̀kán bíà kan tó wọ ibẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí mo ń sọ kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì rọ́bà tí àwọn ẹlẹ́mu fi ń gbé ẹmu wá sí Ṣábọ̀. Kẹ́ẹ̀gì irin tí kì í dípẹtà ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Cornelius ní Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn oní-mínírà, tí àwọn tó ń pọn bíà nílé wá sọ di tiwọn. Lítà 19 ló ń gbà. Ẹnu méjì ló wà lórí rẹ̀: ẹnu gáàsì, tí páìpù inú rẹ̀ kúrú, àti ẹnu bíà, tí páìpù inú rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìdérí ńlá kan wà láàrin wọn, ó ní wáṣà rọ́bà àti fáàfù kékeré kan tí a lè fà láti tú gáàsì jáde. Ẹni tí ó bá fi ẹnu méjì yìí sọ́kàn yóò tètè lóye gbogbo ohun tí ó kù.

Bọ̀dá mi àgbà ni ó fẹ́ ṣílé ní Ìgbógbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti pè mí pé, "Ìwọ lo máa gbé ọtí wá o, má jẹ́ kójú tì mí." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá." Lítà 40 ni mo pọn nínú àgbá rọ́bà tó ń gba 50. Mọ́ọ̀tì ọkà bàbà, ìyẹn ọkà bàbà tí a mú hù tí a sì sá gbẹ, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì ní láti se apá kan rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ tán títí ooru omi yóò fi kọjá 70°C, nígbà tí ti bálì ti máa ń rọ̀ kí omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. (Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì wọ Nàìjíríà ní 1988, àwọn ilé ìpọntí ńlá sì fi tipátipá kọ́ bí a ṣe ń fi ọkà bàbà ṣe bíà, àwa tí à ń pọn nílé ṣì ń jẹ nínú ìmọ̀ náà títí di òní.) Kveik ni ìwúkàrà tí mo lò, ti àwọn ará Norway, èyí tí ooru 30 sí 38°C kì í dà láàmú, tí ó sì bá ilé wa mu gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ìhó náà ti ń rọlẹ̀, mo da 160 gíráàmù họ́ọ̀psì, òdòdó tó ń fún bíà ní òórùn àti kíkorò, sí i nítorí òórùn rẹ̀. Irú bíà tí họ́ọ̀psì pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí ni afẹ́fẹ́ máa ń tètè pa lára jù lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni a gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì. Àgbá náà ti lo ọjọ́ méjì nínú fìrísà kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sùn sí ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin àti èmi gbé e jáde, a gbé e ka orí tábìlì ilé ìdáná, a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ohun tí a ti rú sókè lè padà sùn. Àgbá wà lókè, kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀. Bí omi ṣe ń ṣàn láti orí òkè ni a fẹ́ kí bíà ṣàn, nítorí pé àgbá rọ́bà kò lágbára tí a fi lè fi gáàsì ti ohun inú rẹ̀ jáde.

Kẹ́ẹ̀gì kìíní gba ìtọ́jú tó péye. A po Star San, oògùn kíkan tí a fi ń pa kòkòrò tí a kì í sì í fi omi ṣàn kúrò, mọ́ omi ní ìwọ̀n mílílítà kan àbọ̀ sí lítà kan, a dà á kún kẹ́ẹ̀gì bámúbámú, a gbọ̀n ọ́n, a tún bu omi kún un, kí afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ìdérí lè jáde. A dé e, a so gáàsì CO2, èyí tó ń mú kí bíà máa hó, mọ́ ẹnu gáàsì ní 5 psi (psi ni a fi ń wọn agbára gáàsì), a sì jẹ́ kí gáàsì ti gbogbo omi náà gba ẹnu bíà jáde sínú garawa. Nígbà tí omi tán tí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé pẹ̀lú ìfófó, ohun tó gba ipò omi nínú kẹ́ẹ̀gì kò lè jẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà kankan gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni a tú agbára gáàsì inú rẹ̀ sílẹ̀.

Rọ́bà tí a so mọ́ táàpù àgbá gùn tó mítà kan àbọ̀, afẹ́fẹ́ sì ni ó kún inú rẹ̀. Kí a tó kì í mọ́ ẹnu bíà, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí kékeré kan tí a ti rì sínú oògùn tẹ pín-ìn inú kọ́nẹ́kítọ̀ rẹ̀, mo ní kí àbúrò mi ṣí táàpù, mo sì jẹ́ kí bíà sáré gba inú rọ́bà náà títí ìfófó funfun fi tán tí ó fi di bíà ṣíṣàn. Ó tó ife kan tí a dà nù. Rọ́bà kejì ni a fi so ẹnu gáàsì kẹ́ẹ̀gì mọ́ ihò orí àgbá, tó fi jẹ́ pé bí bíà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ni gáàsì inú kẹ́ẹ̀gì ń gòkè lọ dí àyè tí bíà fi sílẹ̀. Àgbá àti kẹ́ẹ̀gì ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin ara wọn, afẹ́fẹ́ ilé ìdáná kò sì bá wọn dá sí i.

Ìkòròdú kò jìnnà sí ọ̀sà, ọ̀rinrin kì í wọ́n nínú atẹ́gùn wa. Bí bíà tútù ṣe ń kún kẹ́ẹ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni ara irin ń làágùn láti ìsàlẹ̀ wá, ìlà ìrì kan tí ojú rí kedere sì ń bá bíà gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ìwọ̀n ìka mẹ́ta kí ó kan èjìká kẹ́ẹ̀gì. Níbẹ̀ ni a ti ti táàpù. Bí a ṣe mọ ibi tí bíà dé nínú irin tí ojú kò lè rí inú rẹ̀ nìyẹn, láìṣí ìdérí.

Nígbà tó kan kẹ́ẹ̀gì kejì ni gáàsì tán.

Aago tó wà lára sìlíńdà kò kìlọ̀ fún wa rárá, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. CO2 inú sìlíńdà kì í ṣe gáàsì nìkan. Olómi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí olómi náà bá ṣì kù, bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó ni ó ń pinnu agbára gáàsì orí rẹ̀, kì í ṣe bí ohun tó kù ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà ohun kan náà ni aago yóò máa fi hàn láti ìgbà tí sìlíńdà kún títí di ìgbà tí ẹ̀kán olómi tó gbẹ̀yìn bá gbẹ, lẹ́yìn èyí ni yóò já wálẹ̀ lójijì. Orí ìwọ̀n kìlò ni a ti ń mọ ohun tó kù nínú sìlíńdà. Mo mọ èyí nísinsìnyí. Lọ́jọ́ yẹn, aago ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti mú iná lọ, àwọn tó ń bá wa kún sìlíńdà ní Odógúnyán sì ti ṣíwọ́. Àbúrò mi wo aago náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kù yìí ò lè ti omi kẹ́ẹ̀gì kan jáde o. Ṣé ẹ ò rò pé ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ Mọ́ńdè?" Mo dá a lóhùn pé bíà ti kúrò nínú fìrísà, pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò tún rú bí a bá gbé e padà, àti pé, "Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Jẹ́ ká dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, yóò tẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹní, bíà yóò sì máa wọlé lábẹ́ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dá mi lójú nígbà tí mo ń sọ ọ́.

A da omi oògùn kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì kejì láti ẹnu ìdérí, bí a ṣe ń da omi inú garawa nù. Nígbà tí omi ń jáde, afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ń wọlé lọ rọ́pò rẹ̀, lítà fún lítà. Mo ki rọ́bà gáàsì bọ inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, mo wá ki rọ́bà bíà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a sì ṣí táàpù. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ṣí sílẹ̀, ihò orí àgbá náà sì ṣí sílẹ̀ kí bíà lè ṣàn. Kò sí ìró, bíà kò ta pàrà, ìfófó rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Nígbà tó kún a dé e, a fi èyí tó kù nínú gáàsì kún òkè rẹ̀ dé 10 psi, mo fa fáàfù, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, gáàsì sì tán pátápátá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni a kún sìlíńdà, tí a sì so kẹ́ẹ̀gì méjèèjì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo bu díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, n kò sì rí ìyàtọ̀ tí mo lè tọ́ka sí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bí mo ṣe gbé ife méjì náà sójú fèrèsé, mo rí i pé èkejì ti ń ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá kò sí ẹni tí kò ní rí i.

Mo wádìí àwọn ohun mìíràn tó lè fà á kí n tó di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba bíà tó ní họ́ọ̀psì jẹ́, ṣùgbọ́n òórùn tí ìyẹn ń mú wá yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í wọ inú irin. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò ni, a óò gbọ́ kíkan lẹ́nu bíi ti ògì ọjọ́ kẹta. Bíà náà kò kan rárá, ìwé tí a fi ń dán kíkan wò sì fi ohun kan náà hàn fún méjèèjì. Sìlíńdà kan náà ló fún wọn ní gáàsì. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo orí kẹ́ẹ̀gì kejì, láti ìdérí dé ẹnu méjèèjì, kò sí ibi tó hó. Ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí bíà ṣe dé inú wọn.

Nítorí pé ojú lè tan ahọ́n jẹ, mo pe ènìyàn mẹ́fà, mo fi aṣọ dí wọn lójú, mo sì gbé ife mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: méjì láti inú kẹ́ẹ̀gì kan, ọ̀kan láti inú èkejì, kí wọ́n sọ èyí tó yàtọ̀. Àwọn márùn-ún ló mú un. Ọ̀kan ní "páálí", òmíràn ní "ṣúgà tó jóná", àǹtí kan tó ń ta búrẹ́dì ní òpópónà wa ní, "Búrẹ́dì àná tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni." Ọ̀rọ̀ wọn bá ohun tí a mọ̀ nípa bíà mu. Ọ́síjìn máa ń mú kí àwọn èròjà họ́ọ̀psì tó ń ta sánsán pòórá, ó ń mú kí àwọn èròjà mìíràn tó wá láti inú ọkà àti họ́ọ̀psì ṣókùnkùn, bíà a sì wá ní adùn páálí, èyí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ trans-2-nonenal fún. Imú ènìyàn lè gbọ́ èròjà yìí bí kò tilẹ̀ ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá bíà náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wàyí, nítorí pé nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ ni ẹnu yà mí. Kẹ́ẹ̀gì gba lítà 19, a da bíà lítà 18 sí i, àyè lítà kan ló kù lókè. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló kún àyè náà, ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn, ìyẹn mílílítà 210, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 270. Ìdérí ti pa mọ́ ọn, kò sí ibi tí yóò gbà lọ, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni bíà sì ní láti fi jẹ ẹ́ tán. Pín in fún lítà 18, lítà bíà kọ̀ọ̀kan yóò gba mílígíráàmù 15. Àwọn ilé ìpọntí ńlá kì í fẹ́ kí ọ́síjìn inú bíà tí wọ́n ti dí pa ju mílígíráàmù 0.1 nínú lítà kan lọ. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa fẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ 0.05.

Ká gbà pé gáàsì tí mo dà sí kẹ́ẹ̀gì lé ìdajì afẹ́fẹ́ jáde, ó ku 7.5. Agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká jẹ́ 14.7 psi, nígbà tí mo bá fi gáàsì 10 psi lé e, ó di 24.7, bí mo bá sì tú u sílẹ̀, ìdá 60 nínú 100 ọ́síjìn náà ló ṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ìyẹn mú 7.5 wá sí nǹkan bíi 2.7, èyí tí í ṣe ìlọ́po 27 ohun tí ilé ìpọntí ńlá yóò gbà láàyè. Ká ní 30 psi ni mo lò ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìtúsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ìbá máa ṣẹ́kù, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin rẹ̀ ìbá sì ti mú un wálẹ̀ sí 0.09. Bí ìtúsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ṣe dà bí ìṣọ́ra tó lójú mi lọ́jọ́ yẹn, kò tó nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tó tẹ́ bí ẹní ńkọ́? Òótọ́ ni pé CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó fi bí ìdajì wúwo jù ú. Ṣùgbọ́n gáàsì kì í ṣe omi àti epo. Ẹni tó bá dín ẹja ní ilé ìdáná mọ̀ pé bí kò tilẹ̀ sí atẹ́gùn, òórùn rẹ̀ yóò dé pálọ̀ láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gáàsì ṣe ń wọnú ara wọn. Bí gáàsì tó wúwo bá máa ń sùn sísàlẹ̀ ni, gbogbo CO2 tó wà láyé ìbá ti kó jọ sórí ilẹ̀, àwọn ọmọdé tí ń rá kò sì ní rí èémí mí. Agbára tí gáàsì fi ń tú jáde láti ẹnu rọ́bà tún ń ru afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì pọ̀ mọ́ ọn, bí ẹni ń ro ọbẹ̀. Ẹni tó là mí lójú sí i jù lọ ni wẹ́dà àdúgbò wa, tí òun náà ń fi CO2 ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó mi orí, ó ní, "Gáàsì kì í dúró o, Bọ̀dá. Ìgbà tó bá ń tú jáde lọ́wọ́ ló ń dáàbò bo iná mi. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ báyìí, ihò ihò ni irin yẹn máa já sí." Ohun tí wẹ́dà ń rí lára irin lójú ẹsẹ̀ ni bíà fi ọjọ́ mẹ́sàn-án fi hàn mí.

Màmá wa kò gbà pé afẹ́fẹ́ lè ba ọtí jẹ́. Ìyá wọn pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà nígbà ayé wọn, inú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí ni wọ́n sì máa ń bù ú láti inú rẹ̀. Màmá ní, "Ìkòkò ìyá mi ò ní ìdérí onígáàsì, ẹnikẹ́ni ò sì rojọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà bàbà àtijọ́, bíi ẹmu, nígbà tí wọ́n ṣì ń hó lọ́wọ́ ni a ń mu wọ́n. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gba ọ́síjìn tó bá wọlé, gáàsì tí ó ń tú jáde sì ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta sì ni ọtí ti tán. Bíà tí a ti mú tutù, tí ìwúkàrà rẹ̀ ti sùn, tí a sì fẹ́ fi pamọ́ fún oṣù kan kò ní olùṣọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í bẹ̀rù afẹ́fẹ́: ọtí tí a jogún kì í pẹ́ débi tí afẹ́fẹ́ yóò fi ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì kìíní nìkan ni mo gbé lọ sí Ìgbógbó. Bọ̀dá mi bi mí pé, "Ìkejì ńkọ́?" Mo ní, "Ó bàjẹ́, Bọ̀dá, n kò sì lè gbé e síwájú àlejò yín." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kò burú. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí, nítorí pé ìlérí ni mo ṣe.

Díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì kìíní náà kò dára tó bí mo ṣe fẹ́ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Òórùn ọsàn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo ronú padà, mo sì rántí ọjọ́ méjì tí àgbá fi wà nínú fìrísà. Àyè lítà 10 ló wà lórí bíà nínú àgbá náà. Bí a ṣe ń mú un tutù láti 28°C sí 4°C, gáàsì inú àyè yẹn ń sún kì, ó fi bíi lítà 0.8 dínkù, bíà tútù náà sì tún ń fa CO2 mu, àgbá sì ń mí afẹ́fẹ́ sínú láti dí àlàfo náà. Bí ẹ̀ẹ̀kan ni ìyẹn ṣẹlẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ ìbá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n mú iná lọ láàrin ọjọ́ méjì náà. Bí iná bá lọ, àgbá á gbóná díẹ̀, á mí síta; bí iná bá dé, á tutù, á mí sínú. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ó lè máà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń kíyè sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ó yẹ kí ó wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń rò.

Nítorí náà, nígbà tí mo pọn òmíràn, n kò mú àgbá tutù rárá, n kò sì ra gáàsì láti fi fọ inú kẹ́ẹ̀gì. Lítà 40 irú bíà yìí, nígbà tí ìwúkàrà bá ń jẹ ṣúgà rẹ̀, ń tú bíi lítà 800 CO2 jáde, tí a sì máa ń jẹ́ kó bá fèrèsé lọ. Mo so rọ́bà láti orí àgbá mọ́ ẹnu bíà kẹ́ẹ̀gì kìíní, kí gáàsì lè wọlé láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ẹnu gáàsì rẹ̀ mo so rọ́bà mọ́ ẹnu bíà kẹ́ẹ̀gì kejì. Láti ẹnu gáàsì ti ìyẹn, mo ki rọ́bà bọ inú ìgò omi. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni ìgò náà fi ń hó kutukutu tọ̀sántòru. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kò gbà ju lítà 38 lọ, ìlọ́po 20 ìwọ̀n yìí ni gáàsì tó sì gba inú wọn kọjá. Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè dúró de ìyẹn.

Ewu méjì wà níbẹ̀ tí n kò gbọdọ̀ fò. Kveik máa ń hó gan-an, bí ìfófó rẹ̀ bá wọ inú rọ́bà ó lè dí i pa, ìdérí àgbá yóò sì fò. Mo fi ìgò òfìfo kan sáàrin àgbá àti kẹ́ẹ̀gì kìíní kí ìfófó lè já síbẹ̀, mo sì fi àyè lítà 10 sílẹ̀ lórí bíà. Ìkejì ni pé lítà 800 CO2 nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa lè pa ènìyàn. Fèrèsé wa ṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A gbé bíà náà sínú kẹ́ẹ̀gì ní ọ̀wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú rọ́bà méjì bíi ti kẹ́ẹ̀gì kìíní àtijọ́, a sì da ife bíà kan nù nítorí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà. Níwọ̀n ìgbà tí bíà kò tutù, irin kò làágùn, a kò sì rí ìlà ìrì. Orí ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara ni kẹ́ẹ̀gì jókòó sí, nígbà tó fi kìlò 18 wúwo sí i a ti táàpù. Mo fi gáàsì 15 psi mú wáṣà ìdérí rì dáadáa, kẹ́ẹ̀gì sì wọ fìrísà. Iná lè lọ bó ṣe wù ú báyìí: ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ń tutù, ó ń gbóná, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò ti mí afẹ́fẹ́ sínú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò sùn nínú àgbá sùn nínú kẹ́ẹ̀gì, ife méjì àkọ́kọ́ sì kún fún ìdọ̀tí, a dà wọ́n nù. Ẹni tí kò bá ní sìlíńdà rárá lè da nǹkan bíi 100 gíráàmù ṣúgà tí a ti fi omi díẹ̀ sè sínú kẹ́ẹ̀gì kí bíà tó wọlé, kí ó sì fi í sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwúkàrà yóò fi ṣúgà náà ṣe gáàsì fúnra rẹ̀, yóò sì gba lára ọ́síjìn tó bá kù.

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni mo kọ èyí. Láàárọ̀ yìí mo bu ife kan nínú kẹ́ẹ̀gì kìíní, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí mo gbé ti ìjelòó sí, mo sì pe àbúrò mi kí ó wá wò ó. Ó tún fi imú kàn án, ó ní, "Ọsàn ṣì ni, Ẹ̀gbọ́n." A kò tíì ṣí èkejì. Ti Bọ̀dá mi ni, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò gbé e lọ sí Ìgbógbó.